Kọ́ọ̀ṣì Onífèrè

Bí ẹ bá dé Oríta Challenge láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó fi jígí dúdú sójú, tó fi fèrè kọ́rùn, tó mú ọ̀pá dání bẹ́ẹ̀ kò yarọ, ẹ má béèrè ta ni. Kọ́ọ̀ṣì ni. Ohun tó ń kọ́ni kò yé ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ adíyelófò ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀.

Òun ló dá ẹgbẹ́ agunkè wa sílẹ̀ lórí WhatsApp. Bí ẹ bá bi í bóyá ó ti dé ibì kan rí, èsì kan náà ni: "Adó-Àwáyè kẹ̀? Mo mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó." Owó ló mọ̀ lóòótọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ló bù lé kálukú wa, fún bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wa lọ síbẹ̀, omi inú ọ̀rá, àti ẹ̀wù pupa tí wọ́n tẹ àwòrán òkè sí láyà. Òkè inú àwòrán náà ní yìnyín lórí.

Aago mọ́kànlá ló ní ká pé. Aago méjì ku díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì gbéra, torí Kọ́ọ̀ṣì ń retí ẹni tí yóò ya fọ́tò. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn dán, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá awakọ̀ dúró kí wọ́n lè ya òun níbi tó ti nawọ́ sí ọ̀ọ́kán. Ó ti lé ní aago márùn-ún ká tó dé ẹsẹ̀ òkè. Ó ní bí òun ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn, pé ìrọ̀lẹ́ ni òkè ń dùn ún gùn.

Ọmọ ìlú kan tó wọ sílípáàsì dìde, ó ní òun á mú wa gòkè, kí á fún òun ní ohun tí ọwọ́ wa bá ká. Kọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa, a ní Google."

Wọ́n ní 369 ni àtẹ̀gùn òkè náà. Kọ́ọ̀ṣì ló ṣáájú ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ lé e, bí mo ṣe rí i nìyẹn pé sítíkà ṣì wà lábẹ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì: 44, 44, bó ti ń gbẹ́sẹ̀. A ò tíì gun àádọ́ta tó fi fọn fèrè, ó ní ẹ̀yìn ló yẹ kí olórí wà, kó lè máa ka èèyàn rẹ̀. Ó bá dúró, ó ń kà wá. Ó kà wá títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀. Mọ́mì kan tí wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tàwọn ti báàgì wọn, wọ́n ní, "Kọ́ọ̀ṣì, ẹ kú ìdúró o."

(Òkè kan ṣoṣo tó ti gùn rí ni ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ, nígbà tó wà nílé ìwé. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Inú ilé ni àtẹ̀gùn rẹ̀ wà.)

Mi ò ní parọ́, orí òkè náà rẹwà. Adágún Ìyákẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí àpáta bí omi inú àwo. Fọ́tò ni Kọ́ọ̀ṣì ń yà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibì kan wà nítòsí adágún náà tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Wọn ò fi orúkọ yẹn ṣàwàdà. Ọ̀hún ni Kọ́ọ̀ṣì kọrí sí, ó ní ọ̀nà àbùjá ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, Google ti bá a lọ. Ó fọn fèrè, fọn fọn fọn.

Ohùn kan dáhùn látinú òkùnkùn: "Dádì, ẹ rọra. Ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn." Ọmọ onísílípáàsì ni. Ó ti ń tọ̀ wá bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì di ẹ̀wù ọmọ náà mú láti ẹ̀yìn, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi délẹ̀. Àwa la dáwó fún ọmọ náà. Kọ́ọ̀ṣì ní kò sí owó kéékèèké lọ́wọ́ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fọ́tò wọlé sórí WhatsApp: Kọ́ọ̀ṣì gbé ẹsẹ̀ lé àpáta, ó nawọ́ sí ọ̀ọ́kán. Wọ́n ti gé ọmọ náà kúrò, ó ku sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ní igun. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Ìdànrè ló kàn, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, kí kálukú sanwó kó tó di Fúráìdeè.

Mo ti san tèmi.