Àǹtí Tíṣà Dé Kíláàsì

Láti àwọn ọdún 1960 ni iléèwé Adéyẹmí ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà nílùú Oǹdó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni nígbà náà, yunifásítì ni báyìí. Kò sì sẹ́ni tó lè gba ìwé-ẹ̀rí NCE láì kọ́kọ́ lọ fi iṣẹ́ náà dánra wò níwájú àwọn ọmọ.

Ẹ wo àǹtí kan nínú wọn tí wọ́n gbé lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Ó ti ka Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, yánányánán. Nínú ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ni ìfáàrà. Kíláàsì dìde láti kí i. Wọ́n fa kíkí náà gùn débi pé ìfáàrà ti tán kí wọ́n tó jókòó.

"Ta ló lè dárúkọ ẹran ilé kan?"

Ọwọ́ mẹ́wàá sọ sókè.

"Àǹtí, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Mẹ́sàn-án yòókù ńkọ́? Ìtọ̀ kan náà ni.

Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ní olùkọ́ kan sí ọmọ 35. Kò sọ mélòó nínú wọn ni ìtọ̀ lè gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín rògbòdìyàn yìí gan-an sì ni alábòójútó máa ń yọjú láti wá fún un ní máàkì.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kanlẹ̀kùn, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó wọlé.