Ilé Onílé Ni Wọ́n Wò

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò tíì rí ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ rí. Lóde òní, a ti sọmọ lórúkọ, a ti ya fọ́tò, a ti pín aṣọ ẹbí, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ilé náà ní òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká ní ìjọba gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dé Igbaruku nílẹ̀ Yàgbà lọ́la. Géèmù ìṣirò wà nínú rẹ̀, fídíò sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, kìnnìún sì ń jó bó ṣe ń ka ABD. Kọmíṣọ́nnà yóò ní ayé ìwé ti tán. (Thomas Edison ti sọ irú rẹ̀ ní 1913, pé kí ọdún 10 tó pé, sinimá yóò ti gba ipò ìwé nílé ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń ta ìwé ṣì wà nídìí ọjà wọn.) Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bátìrì kú. Ìyá ọmọ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì fóònù, ó sì sanwó. Ìmọ̀ ọ̀fẹ́ ti ń jẹ epo bẹntiróòlù.

Ṣé wọn kò wolé ni? Wọ́n wò ó dáadáa. Ilé onílé ni wọ́n wò: wọ́n lọ sí àpérò lókè òkun, wọ́n rí kíláàsì tí iná rẹ̀ kì í kú, wọ́n bá gbé orúkọ ọmọ ibẹ̀ wálé.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2007, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àbújá gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àjọ One Laptop per Child. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé àwòrán oníhòòhò làwọn ọmọ kan ń wò lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àjọ ọ̀hún ní àwọn yóò dí ojú ọ̀nà irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé àwọn ọmọ náà kò kọ́ nǹkan kan o.

Gómìnà tẹ́lẹ̀ rí, Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tiẹ̀ gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ tó fi lọ́lẹ̀ l'Ọ́ṣun ní 2013 kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú, kò sì dìgbà tí ọmọ bá ní dátà. Iléeṣẹ́ uLesson, tí Sim Shagaya dá sílẹ̀ ní Jos, náà kọ́kọ́ fi fídíò ẹ̀kọ́ sínú káàdì mẹ́mọ́rì, nítorí wọ́n mọ iye tí dátà ń jẹ. Àwọn wọ̀nyẹn yọjú wo yàrá kan, ó kéré tán.

Èmi kò bá géèmù jà. Ọmọ ayò 48 nínú ihò 12 ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìṣirò láìsí pátákó. Ẹni tó bá ṣi í kà yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti jẹ òun. Fídíò kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè sùn síwájú rẹ̀, kí fídíò máa sọ̀rọ̀ lọ, kó sì kí i kú iṣẹ́ nígbà tó bá parí. Olùkọ́ ló yẹ kó jí i, kó bi í ní ìbéèrè. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ sì wà nínú ètò ìjọba fún Igbaruku wa yẹn: wákàtí méjì, pẹ̀lú míìtì páì. Wọn yóò ṣe é lẹ́yìn ìfilọ́lẹ̀, bí owó kánópì bá ṣẹ́kù.