Ọ̀túnba Wọ Igbó

Ẹ kò ní rìn jìnnà l'Ékòó kí ẹ tó pàdé Ọ̀túnba, àmọ́ ẹ lè máà rí ojú rẹ̀, torí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ dúdú. Láti yàrá tó tutù ló ti ń bọ́ sínú jíìpù tó tutù, láti inú jíìpù ló ti ń wọ ọ́fíìsì tó tutù ju méjèèjì lọ. Nínú oṣù Kẹta, tí ooru ń bọ́ aṣọ lára gbogbo ìlú, súwẹ́tà ni akọ̀wé rẹ̀ ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Bí òòrùn bá fi lè ta bà á láàárín ẹnu ọ̀nà báńkì sí ibi tí ọkọ̀ wà, dírẹ́bà ló jẹ̀bi.

Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Ọmọ àgbẹ̀ ni, abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti ru igi, ó ti pọn omi, èèsún ti ya á lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìwé tó kà, torí kó lè bọ́ lọ́wọ́ òòrùn ni. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní kó jáde lọ gba atẹ́gùn, èébú ló ń gbọ́. Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn l'Ékòó bí kò ṣe ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dákú, tàbí ẹni tí kò tíì rà? Nígbà tó kọ́kọ́ rí ará Jámánì tó ń gbé àdúgbò rẹ̀ tó ń sáré kiri láàárọ̀, ó rán ọlọ́dẹ lọ bi í bóyá nǹkan ń lé e.

Dókítà ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣúgà náà sì ti ń yọjú. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lo ara rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọ̀túnba béèrè bóyá òun lè fi ijó òde ìnáwó Sátidé san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ijó kúkú wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀túnba kì í jó. Orí ìjókòó ni olórin ti ń wá kì í.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fọgbọ́n mú un lọ sí Lekki Conservation Centre, hẹ́kítà 78 igbó àti àbàtà tó ṣẹ́kù láàárín ilé àti ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tó ti wà níbẹ̀ láti 1990. Ohun tó kọ́kọ́ tu Ọ̀túnba lára ni tíkẹ́ẹ̀tì. Igbó tí wọ́n ń sanwó wọ̀ kì í ṣe igbó yẹpẹrẹ. Ó gun afárá tí wọ́n so mọ́ òkè igi, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, ó sì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀túnba di okùn mú, ó ń pe Jésù, bẹ́ẹ̀ ọ̀bọ ń wò ó.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀nà mọ àlejò nawọ́ sí igi kan nínú àbàtà. "Ẹ̀yin àgbà, èyí ni Raphia hookeri."

"Raphia kí ni? Ògùrọ̀ nìyẹn!"

Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá a, bí wọ́n ṣe ń bó ìko lára ewé rẹ̀, àti ohun tó máa ń ṣe ẹni tó bá mu èyí tó ti kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ bàtà olówó gọbọi dúró yí i ká, wọ́n ń fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ti ń fi pamọ́ láti ogójì ọdún, pé ọmọ oko lòun, ló wá di ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká ṣẹ̀tọ́ fún un: inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn lọ́jọ́ náà. Ó rìn padà sí géètì, kò sì bèèrè ibi tí dírẹ́bà wà.

Àmọ́ Ọ̀túnba kì í ṣe nǹkan ní ìwọ̀nba. Kí oṣù tó parí, ó ti ra ọ̀pá ìrìn àti awò ìwẹyẹ, ó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n sì ti já áńkárá aláwọ̀ ewé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Ìbàdàn, fi àwòrán ẹyẹ kan ránṣẹ́, Malimbus ibadanensis, tí wọn kì í rí níbòmíràn láyé àfi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹyẹ ìlú wa." Ọ̀túnba kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fèsì pé erin ń bẹ nínú igbó Ọmọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, igbó tí UNESCO ti kà kún tirẹ̀ láti 1977. Kí ẹlẹ́yẹ lọ jókòó. Òótọ́ ni, erin ń bẹ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onígẹdú àti olóko kòkó ti ń há ilẹ̀ mọ́ wọn lára. Ọ̀rọ̀ olóko kòkó kò tíì wọ inú ìjíròrò ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ ti lọ sí Olúmọ. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, òun ni wọ́n gùn, wọ́n ya fọ́tò lókè, wọ́n ní àwọn ti ṣẹ́gun àpáta. Òkè Ìdànrè ló kàn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, kò sì sí ẹ̀rọ kankan. Ọ̀túnba ti rán dírẹ́bà ṣáájú, kó lọ wò ó bóyá ọ̀nà kan wà lẹ́yìn òkè tí jíìpù lè gbà.