Ìjàpá, Aláàbò Ilé Àlejò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti Alápàńdẹ̀dẹ̀ oníṣòwò.

Akàn àti Òkété ló kọ́kọ́ ni irà Àmúwò. Ni Erin, ìjọba àpapọ̀, bá dé, ó ní gbogbo ẹranko dúdú àgbáyé ń bọ̀ wá jó. Ó gba ilẹ̀, ó la títì, ó kọ́lé, ó pè é ní Festac. Ní January 1977 ni ijó bẹ̀rẹ̀, ó di February kó tó tán. Àlejò lọ, ilé kù.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Trade Fair. Nígbà tí owó dé, ó ra ilẹ̀. Òkété ọmọ onílẹ̀ gba owó ìpìlẹ̀, ó gba owó dẹ́kìn, ó tún padà wá gba owó òrùlé. Ilé parí tán ni Erin ní ilẹ̀ òun ni. Ẹfọ̀n, ìjọba ìpínlẹ̀, ní kò sẹ́ni tó ń kọ́lé láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òun. Ní 2023, Erin kéde pé ilé 677 ni òun yóò wó ní Festac. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àmì ọ̀dà pupa méjì ti wà lára géètì funfun Alápàńdẹ̀dẹ̀, ti Erin lókè, ti Ẹfọ̀n nísàlẹ̀. Ọ̀dà òkè ń ṣàn sórí tìsàlẹ̀.

Ni Ìjàpá bá yọjú pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ó ní òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Aláàbò Dúkìá Àlejò. "Kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, kí o lọ sinmi nílé títí ìjà àwọn àgbà yóò fi rọlẹ̀."

Alápàńdẹ̀dẹ̀ mi orí. "Bàbá mi sá fún ogun abẹ́lé kúrò ní Port Harcourt. Ogun parí ní 1970, wọ́n ní ilé rẹ̀ ti di dúkìá tí onílé pa tì."

"Ìyẹn ni Port Harcourt," Ìjàpá dáhùn. "Èkó nìyí."

Ẹyẹ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kò tíì fò dé Mile 2 tí Ìjàpá fi kó ayálégbé wọlé. Ọdún yípo, ẹyẹ dé, ó bèèrè owó ilé. Ìjàpá ní, "Owó ilé kẹ̀? Òun náà la fi ń dáàbò bo ilé!" Ẹyẹ bá forin sẹ́nu:

Erin lóun ló nilẹ̀,
— Kùn ún, ọ̀dà, kùn ún!
Ẹfọ̀n lóun ló làṣẹ,
— Kùn ún, ọ̀dà, kùn ún!
Òkété gbowó tán,
— Kùn ún, ọ̀dà, kùn ún!
Ìjàpá ń jẹ rẹ́ǹtì,
— Kùn ún, ọ̀dà, kùn ún!

Ìgbín àgbà gbọ́ orin, ó rọra jáde. "Ìjàpá, nígbà tógun yẹn parí, àwọn ẹyẹ kan padà sí Èkó, wọ́n bá ilé wọn, wọ́n sì bá owó ilé tí àwọn aládùúgbò ti gbà pa mọ́ dè wọ́n. Àbò nìyẹn. Ìwé ìṣirò tìrẹ dà?"

Kí Ìjàpá tó fèsì, katapílà ti dé. Erin àti Ẹfọ̀n ló jọ jókòó sórí rẹ̀; wọ́n ti rí ohun tí ẹnu wọn kò lórí. Erin kígbe pé onílé yóò gba owó gbà-máà-bínú.

Ìjàpá fò síwájú: "Èmi ni mo nilé!"

"Ó dáa," ni Ẹfọ̀n wí. "Ti ẹ̀yìn rẹ yẹn náà ńkọ́? Ta ló fọwọ́ sí pílánù rẹ̀?"

Ìjàpá tú fáìlì, òfìfo ló bá. Wọ́n kun ọ̀dà pupa sí igbá ẹ̀yìn rẹ̀, katapílà sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ahun fi rí págunpàgun.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ kò ra ilẹ̀ mọ́. Abẹ́ òrùlé àwọn alágbára ló ń mọlé sí, kí ẹni tó bá fẹ́ wó o lè kọ́kọ́ wó tirẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!