Oríkì Abaragbóná, Káàdì Gíráfíìkì Tó Ń Jẹ Owó Wa ní Ekurede-Urhobo

Abaragbóná, ọkọ fáànù, mo kí ọ.
A-fi-agbára-bẹ̀rẹ̀, a-dákú-lójú-ogun.
Ọba inú àpótí dúdú, tí ẹrú méjì ń fẹ́ lábẹ̀bẹ̀, tí ara rẹ̀ kò sì tutù.
A-jẹ-iná-má-yó, a-mu-bẹntiróòlù-má-dúpẹ́.
Ooru Warri kò tó ọ, o tún fi tìrẹ kún un.

Ẹni tó bá jẹ owó ọmọ ọlọ́mọ tó bí o ṣe jẹ ẹ́, ó yẹ kí wọ́n kì í délé, kí wọ́n kì í dóko. Èmi ni n ó kì ọ́ lónìí. Mo mọ̀ ọ́ dé inú egungun, nítorí mo ti tú ọ palẹ̀ lórí tábìlì, mo sì ti rí ohun tí o gbé sáyà.

GTX 1060 lorúkọ rẹ, ọmọ ilé NVIDIA, tí wọ́n gbé jáde ní 2016. Oúnjẹ rẹ, 120 wáàtì. Gbogbo wáàtì tó bá wọ inú rẹ, ooru ló ń bá jáde, kò sí èyí tó ń sọnù sọ́nà. Àwọn tó ṣe ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé o lè fara da 94 dígírì, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti dé 83 báyìí, o ti ń fà sẹ́yìn nìyẹn. O máa ń dín eré ara rẹ kù kí o má baà jóná. Ọgbọ́n ni, n kò bá ọ jiyàn. Ìgbà wo wá lo máa ń rántí ọgbọ́n ọ̀hún? Ìgbà tí a bá ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́sẹ̀ Osimhen, tí kò sẹ́ni níwájú rẹ̀ mọ́, tí aṣọ́lé ti fi ilé sílẹ̀. Àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Osimhen á gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á dúró sójú ọ̀run. Gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé géèmù á figbe ta lẹ́ẹ̀kan: "E don hang!" Kí ojú síkírìnì tó là padà, bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ aṣọ́lé, owó tí wọ́n fi ta ọ̀pẹ́ ti bọ́.

Jẹ́ kí n kì ọ́ dé ìdílé, káyé lè mọ̀ pé ìwà tí ò ń hù kì í ṣe àjèjì sí ọ.
Ọmọ GeForce 256, tí NVIDIA gbé jáde ní 1999, tí wọ́n fọ́nnu pé òun ni GPU àkọ́kọ́ láyé.
Ọmọ FX 5800 Ultra ti ọdún 2003, aláriwo, tí àwọn òyìnbó fi orúkọ ẹ̀rọ agbálẹ̀ sọ nítorí ariwo fáànù rẹ̀.
Ọmọ GTX 480 ti ọdún 2010, a-jẹ-250-wáàtì, tí wọ́n gbà láyè kó gbóná dé 105 dígírì. Omi tó wà lórí iná, 100 ló fi ń hó.
Ìbátan R9 290X láti ilé AMD, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ní kó máa gbé orí 95 ní 2013.
Ẹ̀gbọ́n RTX 4090 ti ọdún 2022, a-jẹ-450-wáàtì, tí ẹnu okùn iná rẹ̀ yọ́ mọ́ àwọn kan lọ́wọ́.

Ìdílé ńlá ni, gbèsè ńlá ni. Ní oṣù Keje 2007, Microsoft ya owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe Xbox 360, ẹ̀rọ tí iná pupa máa ń yí ká ojú rẹ̀ tó bá ti kú. Ooru wà lára ohun tó ń pa á. Ní oṣù Keje 2021, nígbà tí Amazon ń dán géèmù New World wò, àwọn RTX 3090 kan kú mọ́ àwọn olówó wọn lọ́wọ́. Ojú ewé àbáwọlé lásán ni àwọn kan wà, wọn kò tíì ja ogun kankan. Géèmù náà kò fi gbèdéke sí iye fírémù tó ń yà lójú ewé yẹn, káàdì sì ń sá eré àsápajúdé nítorí àwòrán tí kò mira. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbèdéke sí i. Ẹ rántí èyí, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Abaragbóná, tòkunbọ̀ aláìmọ̀dí!
Ta ló mọ ibi tí o ti sùn kí o tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀pọ̀ irú yín ni wọ́n tò sórí pákó, tí wọ́n fi ń wa Ethereum, owó orí ẹ̀rọ ayélujára, tọ̀sán tòru, títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2022 tí Ethereum yí ìlànà rẹ̀ padà, tí káàdì kò sì wúlò fún wíwà rẹ̀ mọ́. Wọ́n tú yín sílẹ̀ sọ́jà. Wọ́n nù yín, wọ́n dì yín sínú ọ̀rá, ẹ di "fairly used". Ọmọ tó rà ọ́ ní àdúgbò wa jókòó ti POS nínú òjò àti nínú oòrùn kó tó rí owó náà kó jọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe tìrẹ.

Síbẹ̀, n kò ní gbé gbogbo ẹ̀bi kà ọ́ lórí. Ekurede-Urhobo ní Warri kì í ṣe ibi tí ẹni ara gbóná ti ń rí ìsinmi. Òjò tó ń rọ̀ ní Warri lọ́dún lé ní 2,500 mìlímítà; bí òjò bá sì dá, oòrùn á mú ọ̀rinrin náà, á fi bo gbogbo ilé. Fáànù kì í sì í dá òtútù sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń gbé kọjá lára irin. Bí yàrá bá wà ní 33, kò sí bí ara rẹ ṣe lè lọ sísàlẹ̀ 33. Ibi tí ìwọ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí Osimhen tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ẹ wá gbé ẹni bẹ́ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn nítorí olè. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé, èéfín rẹ̀ ń gba fèrèsé wọlé. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni a ń dà sínú jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ẹni tó ti ra epo lówó gọbọi kò ní fẹ́ pa géèmù kí káàdì lè sinmi.

Ọjọ́ tí a tú ọ palẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní Engineer, ló mú sukuduráfà. Ó yọ fáànù, ó sì dákẹ́. Eruku àti èéfín ti hun ara wọn sáàárín fáànù àti irin, ó nípọn bí aṣọ òfì. Ó fi ẹ̀múga mú un ní etí kan, odindi rẹ̀ sì ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. "Bros, see as breeze no dey pass," ló wí. Ó wáá gbé irin náà kúrò lórí ọpọlọ rẹ. Thermal paste tó yẹ kó tutù, kó lẹ̀, kó máa gbé ooru láti ara ọpọlọ sára irin, ti gbẹ, ó ti ń bó wẹ́wẹ́. Ó fi sípíríìtì nù ún títí ojú rẹ fi ń dán, ó kán tuntun tí kò ju ẹ̀wà kan lọ sí àárín, ó dè ọ́ padà. Ó fi ìka di fáànù mú kó tó fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ, nítorí fáànù tí a bá fẹ́ sáré kọjá agbára rẹ̀ lè bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni a fi gbèdéke sí ọ, A-sá-eré-asán. A fi fírémù mọ sí 60, nítorí síkírìnì tó wà níwájú rẹ kò lè fi ju 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo èyí tí ò ń yà lé e, ooru lásán ni. A fi MSI Afterburner, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó fún, gé oúnjẹ rẹ sí 80 nínú 100. A gbé ọ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé, jìnnà sí fèrèsé. Báyìí, o ń gbá bọ́ọ̀lù látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdákú. Ó wáá yẹ kí n bi ọ́ léèrè, Abaragbóná: ṣé oúnjẹ tí a gé yẹn, ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé o kò nílò rẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kó owó jọ láti ra irú ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí káàdì tó wà nínú ọ̀rá. Ẹ ní kí òǹtajà fi í sínú kọ̀ǹpútà níṣojú yín, kó gbé géèmù lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa wo dígírì rẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Bí òǹtajà bá kọ̀, ẹ di owó yín mú, kí ẹ máa lọ.