Ta Ni Ó Sọ Ọrùn Akèrègbè Di Tóóró?

Nígbà tí àwọn baba ńlá wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè, kì í ṣe láti fi àbùkù kan ẹnikẹ́ni ni wọ́n ṣe wí bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe láti fi yé tọmọdé tàgbà pé Elédùmarè tí ó dá èwe ní kúkúrú, tí ó sì dá àgbà ní ọlọ́wọ́ ńlá, ti pín iṣẹ́ fún kálukú kí ó tó kó wọn sínú agboolé kan náà. Ọmọ yóò ki ọwọ́ bọ inú akèrègbè fún bàbá, bàbá yóò na ọwọ́ sí orí pẹpẹ fún ọmọ, ilé yóò sì tòrò. Ọ̀rọ̀ náà gbó, ó sì pé. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn tí ó pa á kò rò mọ́ ọn, nítorí kò sí ìdí tí wọn ìbá fi rò ó: wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọdé yóò jókòó ti iṣẹ́, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe akèrègbè, tí yóò ṣe ọrùn rẹ̀ ní tóóró, tí yóò sì wá máa fi òwe àwọn baba rẹ̀ dá àwọn baba rẹ̀ lóhùn.

Akèrègbè òde òní ni ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọrùn rẹ̀ sì ni líǹkì, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù àti àwọn àmì kéékèèké tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ibòmíràn tó ṣí sílẹ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ kí a mú àgbà kan ní Ìdògún, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ láti Ìfọ́n títí dé Ọ̀wọ̀: olùkọ́ ni nígbà tí agbára wà, àgbẹ̀ ni láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ọwọ́ a-kọbè-má-káàárẹ̀, ọwọ́ a-la-kòkó-má-ṣì-í, ọwọ́ tí ó ti di ọkọ́ àti àdá mú títí àtẹ́lẹwọ́ fi le koko, tí àtàǹpàkò sì fẹ̀. Iléeṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i pé kí ó fi fóònù fi hàn pé òun ṣì wà láàyè, kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ má baà dúró. Ó ṣí ojú ewé náà, ó rí ibi tí wọ́n kọ “Tẹ̀síwájú” sí ní lẹ́tà wínníwínní, tí “Fagi lé e” sì lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ó tẹ Tẹ̀síwájú, Fagi lé e ni ó jẹ́ ẹ. Ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi sùúrù tẹ̀ ẹ́, Fagi lé e tún ni ó jẹ́ ẹ. Báyìí ni ọkùnrin tí ó jẹ iyán ní àárọ̀, tí ó sì ti dé oko bọ̀ kí oòrùn tó mú, ṣe di ẹni tí a kò rí ẹ̀rí pé ó wà láàyè, nítorí pé àtàǹpàkò rẹ̀ fẹ̀ ju bí ọmọ kan ní Èkó ti rò lọ.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò sún mọ́ ọn. “Bàbá, ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ yín ti tóbi jù.” Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, bàbá yóò sì súre fún un, yóò ní òwe àtijọ́ ni ó ṣẹ. Kò ṣẹ o! Akèrègbè tí òwe ń wí, ilẹ̀ ni ó hù ú, ìtàkùn ni ó so ó, kò sí ẹni tí a lè bi léèrè ìdí tí ọrùn rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Ti orí fóònù, ènìyàn ni ó kọ ọ́. Ènìyàn náà ní orúkọ, ó ń gba owó oṣù, ó sì lè tún un kọ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹni tí ó bá sì ń sọ pé ṣebí ọmọ wà nílé tí yóò bá àgbà tẹ̀ ẹ́, kí ó rántí pé àgbà tí ó gbé fóònù fún ọmọ kí ó bá òun wọ ojú ewé ilé ìfowópamọ́ ti gbé nọ́ńbà àṣírí owó rẹ̀ fún un pẹ̀lú, ayé òde òní kò sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ń kọ ojú ewé ní òwe tiwọn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni àwọn ń pa: ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí ènìyàn bá ṣi líǹkì tẹ̀, ìka rẹ̀ ni ó jẹ̀bi, kí ó lọ kọ́ bí a ti ń lo fóònù. Ọwọ́ tí kì í ṣi kòkó là wá di ọwọ́ aláṣìṣe. Ṣùgbọ́n a ti dá irú ẹjọ́ yìí rí kí a tó bí púpọ̀ nínú àwọn tí ń pè é. Ní 1947, lẹ́yìn ogun Hitler, Paul Fitts àti Richard Jones ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfuurufú yẹ̀ wò. Wọ́n kó ìròyìn àṣìṣe 460 jọ, àṣìṣe tí àwọn awakọ̀ ṣe nídìí ọ̀pá àti bọ́tìnnì inú bàálù, irú èyí tí a máa ń kà sí awakọ̀ lọ́rùn pé kò lákìíyèsí. Ohun tí wọ́n sì rí nídìí rẹ̀ ni pé bí a ti ṣe ohun èlò náà, tí ọ̀pá kan jọ èkejì, tí èyí sì wà níbi tí ọwọ́ ti ń retí tọ̀hún, ni ó bí púpọ̀ nínú àṣìṣe náà. Bí ọba bá ti gé ìka nígbà náà, ìka aláìṣẹ̀ ni ìbá kún inú agbọ̀n.

Fitts kan náà ni ó fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ ní 1954 pé àkókò tí ọwọ́ ń gbà kí ó tó bà lé ibi tí a rán an dúró lórí ohun méjì, bí ibẹ̀ ti jìnnà tó àti bí ibẹ̀ ti fẹ̀ tó. Kí a sọ ibẹ̀ di ìlọ́po méjì ní fífẹ̀, èrè rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú kí a gé ọ̀nà ibẹ̀ sí ìdajì. Nígbà tí ó sì di 2006, Parhi, Karlson àti Bederson dán àtàǹpàkò àwọn tí ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo lo ẹ̀rọ kékeré wò, wọ́n sì rí i pé ó yẹ kí ohun tí a fẹ́ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 9.2. Ẹ mú rúlà ọmọ iléèwé, kí ẹ wọn líǹkì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ẹ bá ṣí ní alẹ́ òní.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí kò ṣókùnkùn. Nígbà tí Tim Berners-Lee fi íntánẹ́ẹ̀tì olójú ewé lé aráyé lọ́wọ́ ní 1991, máòsì ni a fi ń tẹ líǹkì, ohun èlò tí Douglas Engelbart àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní 1964. Ẹnu ọfà máòsì sì tín-ín-rín débi pé ó lè bà lé orí lẹ́tà kan ṣoṣo láì kan èkejì. iPhone dé ní 2007, ìka ẹlẹ́ran ara gba ipò ọfà, líǹkì sì wà bí ó ti wà. Ní tiwa, GSM wọ Nàìjíríà ní August 2001, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Ìdògún kò sì di máòsì mú rí láyé wọn. Fóònù ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní, òun náà sì ni ìkẹyìn. Ẹni tí ń kọ ojú ewé fún wọn wà nínú yàrá tútù, máòsì wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà tí ó fẹ̀ gbàràgàdà sì wà níwájú rẹ̀; ó tẹ líǹkì tirẹ̀, ó ṣí, ó ní iṣẹ́ ti parí.

Oògùn àìsàn yìí kò wọ́n. CSS ni èdè tí a fi ń ṣe ojú ewé lọ́ṣọ̀ọ́, Håkon Wium Lie, ọmọ Norway, ni ó dábàá rẹ̀ ní 1994, W3C, àjọ tí ń gbé ìlànà ojú ewé kalẹ̀, sì fọwọ́ sí i ní December 1996; láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ padding, ìyẹn àyè òfìfo tí a fi yí ọ̀rọ̀ ká, tí kò ṣe é fojú rí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ti líǹkì náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìka bá bọ́ sí i, líǹkì ni yóò dáhùn. Lẹ́tà kò ní tóbi sí i, àwọ̀ kò ní yí padà, ẹwà tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣahun kò ní yingin. Bí gíga ìlà bá jẹ́ píksẹ̀lì 20, tí a fi padding 12 sí i lókè, tí a sì fi 12 sí i nísàlẹ̀, ó di 44, èyí tí W3C kọ sínú ìlànà rẹ̀ ní 2018 fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é dé ojú àmì; ní 2023 wọ́n tún fi 24 lélẹ̀ fún ẹni tí kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yọ líǹkì tí ó wà láàárín gbólóhùn sílẹ̀. Kí ẹni tí yóò ṣe é sì fara balẹ̀, nítorí líǹkì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ń tò mọ́ ìlà pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, padding òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ní sún ìlà kejì sẹ́yìn. Àyè líǹkì méjì yóò gun ara wọn, èyí tí ó kẹ́yìn nínú kóòdù ni yóò sì gba ìka mọ́ èkejì lọ́wọ́. Nítorí náà ni a fi ń kọ display: inline-block sí i, tàbí display: block níbi tí líǹkì bá ti tò lé ara wọn, kí gbogbo ìlà láti etí dé etí lè máa gbọ́ ìpè. Kò ju èyí lọ. Síbẹ̀ wọn yóò lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí bóyá kí búlúù dúdú díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ fún mi pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ “San owó”: ó gba ojú fóònù láti apá ọ̀tún dé apá òsì, afọ́jú tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ìpolówó ọjà tí ń bo ìròyìn mọ́ yín lójú: gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń gbọ́ ìka, àfi X kan báyìí tí wọ́n fi há kọ̀rọ̀ òkè, tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣì í pẹ́nrẹ́n, ẹ ti bá ara yín nídìí kàlòkàlò, dátà yín sì ti ń jó. Ẹni tí ó ṣe èyí mọ òfin Fitts dé orí, ó mọ̀ ọ́n síwá sẹ́yìn. Ibi tí yóò ti rí gbà lọ́wọ́ yín ni ó fi fífẹ̀ sí, ibi tí ẹ̀yin yóò ti rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó sọ di tóóró. Àìmọ̀kan kọ́ nìyẹn, ojúkòkòrò ni.

Aláṣejù náà wà ńkọ́, ẹni tí pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ó gbọ́ pé ọgbọ́n kan wà tí a fi ń na líǹkì bo gbogbo àpótí ìròyìn kan, pé kí a fi ::after sí líǹkì, kí a kọ position: absolute àti inset: 0 sí i, ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti kọ position: relative sí àpótí tí ó yẹ kí ó dá a dúró. Líǹkì náà bá tẹ́ ara rẹ̀ bo gbogbo ohun tí ń hàn lójú fóònù nígbà tí ojú ewé kọ́kọ́ ṣí, kò sí ẹni tí ó rí i. Ibi yòówù tí ẹ bá fi ìka kàn níbẹ̀, ìròyìn kan náà ni yóò máa ṣí. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ pàápàá kò ní ṣe é mú mọ́ lábẹ́ rẹ̀.

A kò ṣaláìní àpẹẹrẹ rere nílé. JAMB, tí UTME, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì rẹ̀, ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá láti 2015, kò pàṣẹ kí ọmọ tí kò fojú kan máòsì rí lọ ki ìka bọ omi gbígbóná kí ó lè rọ̀. Wọ́n gbà kí ó fi lẹ́tà mẹ́jọ péré lórí kíbọọ̀dù ṣe ìdánwò náà, A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R bí ó bá yí ọkàn padà. Kókó kíbọọ̀dù fẹ̀ tó fún ìka, ọmọ àgbẹ̀ kò sì ní ṣì í.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ìdògún, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n tí ẹ ń kọ ojú ewé ní Àkúrẹ́, ní Èkó àti ní London, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín jáde, ẹ gbé fóònù fún ìyá yín nígbà tí ó bá ti oko dé, ẹ ní kí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì ká ọwọ́ yín sẹ́yìn. Bí ó bá ṣì í tẹ̀, ẹ má ṣe gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ padà sídìí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ fi kún padding.