Ẹ Kú Iṣẹ́ Bóòtù Tí Ojú Ò Rí

Ẹnu tí mo là yìí, ẹnu ẹ̀fẹ̀ ni, kì í ṣe ẹnu ìjà. Ẹni tí mo bá fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí, kó bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá lè rẹ́rìn-ín, kó fi rúlà wọn ẹnu mi, kó wò ó bóyá ó bá ìwọ̀n mu.

Àwọn bàbá kan ni mo ń bá wí. Wọ́n ti hewú, wọ́n ti rí ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á máa lẹ ike mọ́ ike. Ẹ ò gbọdọ̀ pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé o! Àwòṣe ni. Ẹni tó bá pè é ní “tọ́ì” lójú wọn ti rí ìjà ọ̀fẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, wọ́n máa ń pàdé ní Telford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi àfihàn tí wọ́n ń pè ní Scale ModelWorld. Wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á tẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á máa wá àléébù sára iṣẹ́ ẹlòmíràn. “Ó dára o,” ni wọ́n á wí, wọ́n á mí kanlẹ̀, “àmọ́ bóòtù kẹta lápá òsì yẹn...”

Nínú wọn, àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn kọjá àdúrà ni àwọn tó yan ọkọ̀ tí ń wọ́ ọkọ̀. Ọmọ ènìyàn tó bá fẹ́ ṣe àwòṣe ọkọ̀ ogun, èyí tó ní ìbọn gbọọrọ ló máa ń wù ú. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ti gbé orí rẹ̀ kúrò, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó lọ fa ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, òun ni wọ́n ń yán hànhàn fún. Nínú gbogbo ogun tí ayé jà, mẹkáníìkì ni wọ́n rí bá ṣọ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Bergepanther, ààyò wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Jámánì ti ṣe ọkọ̀ ogun Tiger tán kó tó rántí pé ohun tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 57, bó bá rì, ẹnìkan ni yóò fà á. Ọkọ̀ ìfà tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn, Sd.Kfz. 9, tọ́ọ̀nù 18 ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n á so méjì mọ́ra, nígbà mìíràn mẹ́ta, kí Tiger kan ṣoṣo tó mira. Ní 1943, wọ́n ní àwọn ti rọ́gbọ́n ẹ̀: wọ́n mú ara ọkọ̀ ogun Panther, wọ́n yọ orí rẹ̀, wọ́n gbé wíǹṣì tó lè fa tọ́ọ̀nù 40 sí i nínú, wọ́n fi ṣọ́bìrì ràgàjì sí i nídìí kó lè gún ilẹ̀ mú, kó má bàa jẹ́ pé ọkọ̀ tó wá fà ni yóò wọ́ lọ bá èyí tó rì. Ó dára. Àmọ́ Panther wo? Panther kan náà tí wọ́n kó nǹkan bíi 200 rẹ̀ lọ sí Kursk ní oṣù keje ọdún yẹn, tí ẹ́ńjìnnì àwọn kan gbiná fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì dẹnu kọlẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀tá fọwọ́ kàn wọ́n! Aláìsàn ni wọ́n fi joyè dókítà.

Takom, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwòṣe, ti gbé Bergepanther jáde nínú páálí, ike rẹ̀ pé, ìwé ìtọ́ni rẹ̀ pé. Ẹni tórí rẹ̀ pé á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á kùn ún lọ́dà, á gbé e sórí pẹpẹ, á lọ jẹun. Bàbá wa kọ́. Bó ṣe ṣí páálí ló ti fajú ro: “Irin ìdìmú yìí nípọn jù.” Ó mú abẹ, ó gé e dànù, ó fi okùn bàbà ṣe òmíràn. “Páànù yìí ò ṣe é wò.” Ó gé ìyẹn náà dànù. Ohun tó fowó ara rẹ̀ rà ló ń gé dànù yẹn o, kó lè fi oṣù gbáko ṣe irú rẹ̀. Nígbà tó bá máa fi parí, páálí nìkan ló kù tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Takom.

Tó bá wá di wíwá èlò, kí gbogbo ará ilé ṣọ́ra. Bí gítà ọmọ bá sọ okùn kan nù, ẹ má wá olè jìnnà. Okùn náà ti di okùn wíǹṣì. Tíúbù ọṣẹ ìfọyín onírin, bàbá ti là á, ó ti gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti fi di jáàkì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó mú igi ike tó ṣẹ́ kù nínú páálí, ó yá a lórí iná àbẹ́là, ó fà á títí ojú ò fi fẹ́ẹ̀ rí i mọ́, ó ní wáyà iná ni. Ìwọ̀n 1/35 ni wọ́n ń lò: bóòtù tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 35 lára ọkọ̀ gidi, mìlímítà kan péré ni lára tiwọn, èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Ó lù wọ́n jáde lára ike pẹlẹbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi itọ́ rin ẹnu igi ìtayín, ó fi gbé ọ̀kan. Kó tó gbé e débẹ̀, ó sín. Bóòtù wọ rọ́ọ̀gì lọ. Bàbá kúnlẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ìdí lókè. Ìyàwó yọjú, ó ṣe “Àmín”, ó padà lọ sùn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti igi. Pákó ni wọ́n fi ṣe àpótí tó wà lórí Bergepanther gidi, níbi tí wọ́n ti yọ orí rẹ̀. Bàbá wa wá mú ike, ó fi eyín ayùn ha á kó lè ní ìlà, ó kùn ún kó lè jọ pákó. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, pákó wà lẹ́yìnkùlé, kí ló dé tí ẹ ò fi pákó ṣe pákó? Ó wò mí títí. Ó ní ìlà ara igi gidi ti fẹ̀ jù fún 1/35. Ìyẹn ni pé igi ò jọ igi tó. Mo dákẹ́.

Wíǹṣì ńkọ́? Ó ṣe é tán: ìlù tí okùn ń wé mọ́, jíà, lẹ́fà, kò sí èyí tó yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ tíṣù sínú gọ́ọ̀mù funfun, ó tẹ́ ẹ lé e lórí, ó ní tapólíìnì ni. Ó bò ó pátápátá! Ẹ bi í pé ta ni yóò wá rí i. “Èmi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.” Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àlè pamọ́, òun, jíà ló ń fi pamọ́. Ìyàwó ò mọ orí ire tó ní.

Ìwọ̀n 1/35 yìí sì rèé, òun ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bá ara wọn jà. Ìdajì mìlímítà lè tú ọ̀rẹ́ àtọjọ́pẹ́ ká. Ẹ gbọ́ ibi tó ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Tamiya ní Shizuoka, Jàpáànù, ń ṣe àwòṣe Panther tí yóò máa fi mọ́tò kékeré rìn. Wọ́n fẹ́ kí inú rẹ̀ gba bátìrì, ni wọ́n bá ṣe ara rẹ̀ tóbi tó bátìrì. Ìgbà tí wọ́n wá ṣírò rẹ̀, ó bọ́ sí 1/35. Bátìrì ló dá ìwọ̀n sílẹ̀, ẹ̀yin àgbààgbà. Ọ̀rọ̀ bátìrì lẹ ń bú ara yín lé lórí. Ẹ má sì dá wọn lẹ́bi jù, torí Shunsaku Tamiya tó darí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ra Porsche 911 gidi, ó tú u palẹ̀ nítorí àwòṣe 1/12. Àjogúnbá ni àrùn yìí.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ bá wọn ṣírò rẹ̀ dópin. Bí gígùn bá di ìdá kan nínú 35, ìwúwo á di ìdá kan nínú 42,875, torí gígùn, ìbú àti gíga ló jọ kéré pọ̀. Ẹ pín tọ́ọ̀nù 40 tí wíǹṣì náà ń fà bẹ́ẹ̀: kò pé kíló kan. Akọni ọkọ̀ tí ẹ fi ojú àti oorun kàn, àpò ṣúgà kíló kan ju agbára rẹ̀ lọ. Ìyẹn bó bá tilẹ̀ lè fà o. Gọ́ọ̀mù ti mú okùn rẹ̀, kò lè fa ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀dà. Ó kùn ún, ó ń dán. Ojú rẹ̀ ò gbà á. Ó gbé ìfínrun ìyàwó, ó fọ́n ọn sáàárín ọ̀dà ìsàlẹ̀ àti tòkè, ó rin ín lómi, ó ha á kí ọ̀dà lè ṣí, kó jọ ohun tó ti dípẹtà. Ó po ẹrẹ̀, ó fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ gidi tí ìyàwó fi ń lọ sọ́jà wà níta, ẹrẹ̀ ti bò ó dé gíláàsì. Láti Sátidé ló ti ń bẹ̀ ẹ́ kó bá òun fọ̀ ọ́. Ó ní ọwọ́ òun dí, òun ń fi ẹrẹ̀ pa mọ́tò.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ìlú Ọba tí ẹ ti kó àrùn yìí. Ti Jámánì tó gẹ́ẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba Nàìjíríà ra ọkọ̀ ogun Vickers Mk 3 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ra irú rẹ̀ tí ń wọ́ ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé ike pẹlẹbẹ yín, ẹ ṣe òun náà fún wa. Erùpẹ̀ pupa tí ẹ máa fi pa á, ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ ti wá gbà á, lọ́fẹ̀ẹ́.